Àfòmọ́ Ojú Fèrèsé

Àwọn baba wa ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ rí kò lè ṣàìmọ òwe yìí. Ilé ìbátan bàbá mi kan ni mo gbé fún ọdún mẹ́fà tí mo fi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í fi òwe náà kì mí bí oríkì, pàápàá bí mo bá na ọwọ́ sí ẹran kejì. N kò jiyàn nígbà náà. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọmọdé kì í sì í bá ẹṣin du ọ̀nà. Ṣùgbọ́n irun ti ń funfun lórí mi báyìí, mo sì rò pé ó tó àkókò kí n yẹ òwe náà wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Ewéko kan tí mo bá pàdé ní London ni ó kì mí láyà.

Ní ọdún 2022, mo dé sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ọ̀rẹ́ mi yìí wà lára àwọn tí ń ṣa ewéko ọ̀wọ́n jọ sínú yàrá bí ẹlòmíràn ti ń ṣa ère jọ. Lójú fèrèsé rẹ̀ ni ó so ìkòkò kan rọ̀ sí, tí ìtàkùn sì ń dà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Àwọn ewé rẹ̀ nípọn, wọ́n ń dán, wọ́n sì lọ́ mọ́ra bí okùn tí a hun. Funfun sì yí etí wọn ká. Hoya ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀: èèpo igi àti èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ ni ó fi kún ìkòkò, nítorí pé gbòǹgbò tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ lára yóò jẹrà nínú ẹrẹ̀. Kì í bomi rin ín àfi bí èèpo náà bá gbẹ. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí òdòdó rẹ̀ bá rọ, ẹnì kan kò gbọdọ̀ gé igi òdòdó náà sọnù, nítorí pé ojú kan náà ni òmíràn yóò tún ti yọ.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ eléyìí? Ní ọdún 1810, Robert Brown, onímọ̀ ewéko, fi orúkọ náà yẹ́ Thomas Hoy sí, ẹni tí ó jẹ́ olùtọ́jú ọgbà ní Syon House, ilé ìjòyè ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn London kan náà. Mo yìn ín pé òṣìṣẹ́ ọgbà ni ó yẹ́ sí, kì í ṣe ẹni tí ó ni ọgbà. Síbẹ̀, igbó Éṣíà títí dé Australia ni irú ewéko yìí ti ń hù lórí igi, àwọn tí ń gbé abẹ́ igi wọ̀nyẹn kò sì sí nínú orúkọ náà. Bí a bá gé e, oje funfun ni yóò jáde, nítorí pé ìbátan bọmubọmu ni, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Ọ̀kan ń gba owó gọbọi. Èkejì, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ létí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí òwe wa. Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní àfòmọ́. Èyí tí ń ba kòkó àti obì jẹ́ a máa ki ohun tí ó jọ gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka, a sì máa fa omi igi náà mu. Hoya kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo igi ni gbòǹgbò rẹ̀ dì mú. Òjò tí ń ṣàn lára igi àti ewé tí ó jẹrà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ka ni oúnjẹ rẹ̀. Ibùjókòó ni ó tọrọ, kò tọrọ oúnjẹ. Bí a bá sì fetí sí òwe náà dáadáa, kò dárúkọ olè. "Bá tan" ni ó wí, inú rẹ̀ ni a sì ti rí "ìbátan". Àwa tí ń pa á ni a fi èébú kún un.

Ta wá ni àfòmọ́? Ẹ wo ọjà. Ní ọdún 2020, ìtàkùn mìíràn tí àwọn aṣàkójọ ń wá kiri, Rhaphidophora tetrasperma, tí ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré, gba 8,150 dọ́là New Zealand ní títà gbàǹjo ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 2021, òmíràn tí ó ní ewé mẹ́sàn-án gba 27,100. Funfun ara ewé ni wọ́n ń sanwó lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ó funfun kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Ibi tí àwọ̀ ewé wà ni ó ń bọ́ ọ. Ẹwà tí ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni a ń rà ní ọ̀wọ́n gógó.

Ìtàn tí ó ti pẹ́ tún burú ju èyí lọ. Nínú ìwé tí Albert Millican tẹ̀ jáde ní 1891, ó ròyìn bí wọ́n ti ń wá orchid, òdòdó tí òun náà ń gbé orí igi, nínú igbó Kòlóńbíà. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n kó bí 10,000. Igi tí wọ́n gé lulẹ̀ nítorí rẹ̀ sì tó 4,000. Òdòdó náà kò pa igi kankan. Ẹni tí ó fẹ́ràn òdòdó ni ó pa á.

N kò sọ pé kí ọ̀rẹ́ mi da ìkòkò rẹ̀ nù. Ẹ̀ka tí ẹlòmíràn gé nínú ilé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Òun náà ń gé fún aládùúgbò, kì í sì í gba owó. Bí gbogbo aṣàkójọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́n yóò di ọ̀pọ̀, igbó yóò sì sinmi. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ìfẹ́ ohun ọ̀wọ́n nìyí: ǹjẹ́ ó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, àbí ó ń dín kù?

Ní ti òwe, n óò máa pa á lọ. Ṣùgbọ́n ní ilé tí mo sọ yẹn, èmi ni mo ń pọn omi kí àgbà kankan tó jí, ìkòkò omi wọn kò sì gbẹ rí fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa òwe àfòmọ́ fún ọmọ àgbàtọ́, kí ó kọ́kọ́ ṣí ìkòkò omi wò.