Billie Holiday kí ó tó kọ « Strange Fruit »

Bí a bá dárúkọ Billie Holiday níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, orin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rántí: « Strange Fruit », tí ó kọ sínú àwo ní 1939 nípa àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń so kọ́ igi ní gúúsù Amẹ́ríkà. Orin ńlá ni. A kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rò pé ìyà ni ó sọ obìnrin yìí di akọrin. Àwọn àwo tí ó ti ṣe ṣáájú ni yóò fi yé e pé làákàyè àti etí tí ó mọ́ ni.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Philadelphia. Baltimore ni ó ti dàgbà. Ọmọ ọdún 18 ni, ní oṣù kọkànlá 1933, nígbà tí John Hammond, tí ó ti gbọ́ ọ nílé fàájì kan ní Harlem, mú un lọ kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Benny Goodman. Kí a má tan ara wa: « Your Mother's Son-in-Law » kì í ṣe iṣẹ́ tí ó gún. Wọ́n gbé orin náà ga ju ibi tí ohùn rẹ̀ ti balẹ̀ lọ, ó sì ń lé e bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ìyípadà dé ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1935. Teddy Wilson, tí ń tẹ dùùrù, kó àwọn ògbóǹtarìgì jọ fún ilé-iṣẹ́ Brunswick. Goodman wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Roy Eldridge àti Ben Webster. Ojú àwo kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ẹ̀rọ olówó ẹyọ inú ilé ọtí ni ó ń lo ọ̀pọ̀ àwo bẹ́ẹ̀, orin yẹpẹrẹ nípa òṣùpá àti olólùfẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń gbé lé akọrin lọ́wọ́. Owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n san fún un. Kò ní ìpín nínú èrè àwo.

Kí ni ó wá fi orin yẹpẹrẹ ṣe? Ẹ tẹ́tí sí « Miss Brown to You ». Ohùn rẹ̀ kò fẹ̀, kò sì ròkè. Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti jẹ́ kí ohùn fò, òun a mú un tẹ́jú bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ìlù bá ti já, òun a dúró díẹ̀ kí ó tó bọ́ sí i. Inú ìdúró díẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń rí ìtumọ̀.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ka èyí sí nǹkan kékeré. Àwa tí a ti kọ orin ìsìn tí a fi ohùn Òyìnbó gbé mọ bí ohùn orin ṣe ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, tí ọ̀rọ̀ kan ń di òmíràn lẹ́nu wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi dandan mú Billie Holiday. Síbẹ̀ ó yàn pé kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀gá, kí ohùn orin jẹ́ ìránṣẹ́.

Ní 1937, Lester Young dara pọ̀ mọ́ wọn. Nínú « A Sailboat in the Moonlight », sasofóònù rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn obìnrin náà: bí èyí bá dákẹ́, tọ̀hún a fèsì. A kò lè pè é ní lílé àti ègbè, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣe olórí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tí ń bá ara wọn rìn ni. Lester ni ó sọ ọ́ ní « Lady Day ».

Àwọn kan a máa sọ pé ohùn náà kò lágbára. A gbà pé kò pariwo; ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia kọ « Strange Fruit », tí ó sì lọ kọ ọ́ fún Commodore, kò kígbe. Ìfarabalẹ̀ tí ó ti kọ́ nínú àwọn orin òṣùpá wọ̀nyẹn ni ó fi sọ ọ̀rọ̀ ikú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ mọ orísun agbára orin náà kọ́kọ́ padà sí 1935.