Ọwọ́ Tó Ń Wọn Apá Ọmọ

Ní Dadaab, ní àríwá ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà, ibi tí àwọn ará Sòmálíà ti ń sá wá sí láti ọdún 1991, iṣẹ́ kan wà tí ẹni tó ń kọjá lọ lè fojú kéré. Òṣìṣẹ́ ìlera á wọlé, á kí ìyá ọmọ, á fa okùn pẹlẹbẹ kan yọ, á fi wọn apá ọmọ, á sì kọ nǹkan sínú ìwé. Ó tán.

Kò tán o. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Apá òsì ló mú. Ó ká a ní ìgbọ̀nwọ́, ó fi ìka wá ṣóńṣó eegun èjìká, ó wá ti ìgbọ̀nwọ́ náà, ó sì sàmì sí àárín méjèèjì gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn ló jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, kó tó fi okùn yí i ká. Okùn ò gbọdọ̀ fún ẹran ara, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ débi tí àlàfo á fi wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí lára ọmọ tó ń ké, tó ń ta ẹsẹ̀!

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, àwọ̀ ewé ni okùn á fi hàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò wálẹ̀ ju 11.5 lọ, àwọ̀ ìyeyè ni. Tó bá ti já sísàlẹ̀ 11.5, pupa nìyẹn: àìjẹunrekánú ti wọ ọmọ lára. Nítorí náà, ọwọ́ tó dẹ okùn pẹ́ẹ́ lè dá ọmọ tó yẹ kó gba ìtọ́jú padà sílé.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí okùn ò lè ṣe. Kódà tí okùn bá fi àwọ̀ ewé hàn, ẹni tó mọṣẹ́ á ṣì gbé ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì, á fi àtàǹpàkò tẹ òkè wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á sì gbé ọwọ́ kúrò. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn lẹ́sẹ̀ méjèèjì, omi ló wú ọmọ, kì í ṣe ẹran. Ẹni tó bá rí àwòrán àwọn ọmọ ìgbà ogun Biafra á mọ irú wíwú bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń gba ìtọ́jú lọ nìyẹn, ohun yòówù kí okùn sọ.

Ní ibi ìtọ́jú, wọ́n á fún un ní ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà àti òróró, wọ́n á sì máa wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ń jẹun tí kò sì ní àìsàn mìíràn lè máa gba ìtọ́jú láti ilé. Èyí tó bá kọ oúnjẹ, wọ́n á dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé yìí, ogúnléndé ni àwọn náà. Èdè Sòmálì tí ìyá ọmọ gbọ́ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìṣírí ni wọ́n ń san fún wọn, kò sì tó èyí tí ọmọ Kẹ́ńyà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Oníṣẹ́ ni wọ́n, kí wọ́n san owó oníṣẹ́ fún wọn.