Sinimá «Gattaca»: Ìyìn Rẹ̀ Ha Pọ̀ Jù Bí?

Àwọn ènìyàn ti yin sinimá Gattaca, tí Andrew Niccol kọ tí ó sì darí ní 1997, ju bí ó ti yẹ lọ, lójú tiwa. Nínú ayé tí ó fi hàn, àwọn oníṣègùn a máa ṣa ọmọ yàn kí ó tó wọ inú ìyá rẹ̀. Ẹni tí a kò ṣà, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni ó kàn án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Vincent, tí a ti sọ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé àrùn ọkàn yóò pa á ní nǹkan bí 30 ọdún. Ó yá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Jerome, ẹni àṣàyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kí ó lè bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Titan.

Ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ òun àti àbúrò rẹ̀ nínú òkun dára púpọ̀. A kò lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ẹ̀rọ tí ń ró bí ọkàn ẹlòmíràn ni ó fi sí àyà, nígbà tí ọkàn tirẹ̀ ń lù kìkìkì. Bí ọkàn náà bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, kí ni yóò ti ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ìtàn náà kò béèrè. Wọ́n ní ẹ̀mí borí ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni àwa rí tí ó borí olùyẹ̀wò. Jerome ńkọ́? Bí ọkọ̀ ti ń gbéra ni ó wọ inú iná lọ. Orin dídùn ń dún, a kò sì fi àyè sílẹ̀ fún wa láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.