Níbo Ni Àlétúnlé Wà? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ àti Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ìwé pa káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọmọ SS3 kò padà sí kíláàsì títí di oṣù kẹjọ, ìdánwò WAEC wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Ẹni tí ó rí fóònù lò láàárín ìgbà yẹn kàwé lórí rẹ̀, ẹni tí kò rí lò ń wojú ilẹ̀kùn kíláàsì títí wọ́n fi ṣí i. Àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orí fóònù kò bá a lọ. Lónìí, ilé-iṣẹ́ bíi uLesson, tí Sim Shagaya dá sílẹ̀, ń ta ẹ̀kọ́ alámòóhùnmáwòrán fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, WAEC fúnra rẹ̀ sì ní ibi tí ó kó ìbéèrè àtijọ́ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá lítíréṣọ̀ àti àròkọ kíkọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọ Òsí tàbí Ìlọ́fà tí kò bá gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí yunifásítì wọ̀, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó. Ṣé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń ṣe iṣẹ́ tí ó ní òun ń ṣe? Èrò mi ni pé ìdajì ni ó ń ṣe, ìdajì tí ó kù sì ni ó ṣòro jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní ìró “v” àti “z”, kò sì ní “th”. Ìdí nìyí tí “van” fi ń di “fan” lẹ́nu wa, tí “zip” sì ń di “sip”. Ọmọ tí ó ń múra fún ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu lè gbọ́ ìró wọ̀nyí lórí fóònù nígbà mẹ́wàá, olùkọ́ inú fóònù kò sì ní bínú pé ó ti sú òun. Ní ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ lítíréṣọ̀ rárá, fídíò kan sàn ju àga òfìfo lọ. Ti owó dátà, ti iná mànàmáná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kí n fi kún ojú ìwé. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ dára lọ́la, àbùkù tí mo fẹ́ tọ́ka sí yóò ṣì wà níbẹ̀.

Àbùkù kìíní wà nínú lítíréṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, tí ó sì wà lára ìwé tí WAEC yàn fún ọdún 2021 sí 2025. Bí irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe máa ń kọ́ ọ ni pé yóò sọ ìtàn náà ní ṣókí, yóò to orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀, yóò sì sọ pé kókó rẹ̀ ni ìjà láàárín àṣà àtijọ́ àti ọ̀làjú. Ó parí. Ọmọ yóò kọ ọ́ sórí, yóò sì lọ dà á sórí ìwé ìdánwò bí wọ́n ṣe dà á sí i létí.

Ṣùgbọ́n ta ni Lákúnlé nínú eré náà? Tíṣà abúlé Ilùjinlẹ̀ ni, ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá dá Sìdí lóró. Nígbà tí Sìdí bi í pé kí ló dé tí ó fi dúró, inú ìwé atúmọ̀-èdè kékeré kan ni ó ti kó wọn jáde, ó sì ń retí èyí tí ó tóbi jù ú lọ! Lákúnlé gbé ọ̀rọ̀ mì, ọ̀rọ̀ kò di ẹran ara rẹ̀. Ọmọ tí ó ka àkékúrú ìwé yìí láì ka ìwé náà gan-an ti di Lákúnlé, kò sì ní mọ̀, nítorí àkékúrú náà kò jẹ́ kí ó pàdé Lákúnlé dáadáa. Kò ní rí ibi tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ti di táyà ọkọ̀ àjèjì tí ó wá ya fọ́tò, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ tí kò bá mú ọmọ ṣí ìwé fi ojú olójú kọ́ ọ.

Àbùkù kejì ni ti àròkọ, òun ni ó sì kan ìdánwò jù. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, máàkì 50 ni ti àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe. Fídíò lè ṣàlàyé ètò lẹ́tà láti orí àdírẹ́sì dé ìbuwọ́lùwé. Ìbéèrè A, B, D lè fi hàn bóyá ọmọ mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka àròkọ tí ọmọ náà kọ?

Ẹ wo gbólóhùn tí ọmọ Yorùbá lè kọ: “My father is at home, they are eating.” Ẹ̀rọ lè fa ìlà pupa sí abẹ́ “they” kí ó sì kọ “he” sí i. Kò ní sọ ìdí. Olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọmọ náà kò lè pe bàbá rẹ̀ ní “ó”, “wọ́n” ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni ó kọ gbólóhùn yẹn, kì í ṣe àìmọ̀kan. Bákan náà ni “ó” tiwa kò pín ọkùnrin níyà sí obìnrin, nítorí náà ni ọmọ fi lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní “he” ní ìlà kan, kí ó pè é ní “she” ní ìlà kejì. Bí ẹnì kan bá jókòó ti ọmọ náà, tí ó fi èdè méjèèjì wé ara wọn fún un lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe náà lè dáwọ́ dúró. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, yóò máa pàdánù máàkì díẹ̀díẹ̀ láì mọ ibi tí ó ń gbà jò.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa, nítorí ìlú oníṣẹ́-ọnà ni ìlú wa. Òsí ni Aréògún ti gbẹ́gi, Odò-Ọ̀wá ni wọ́n mọ Bámigbóyè mọ́. Bándélé, ọmọ Aréògún, ni ó kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fáda Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ sí. Àwọn agbẹ́gilére ní ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, tí wọ́n fi ń la ìrísí ère jáde lára igi, àlétúnlé, tí wọ́n fi ń padà sórí rẹ̀ láti ya ojú, apá àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, dídán, àti fínfín. Ọmọṣẹ́ kì í ti orí ọnà lílé bọ́ sí fínfín. Ọ̀gá ni yóò wò ó, tí yóò sọ pé orí yìí wúwo ju ọrùn lọ, padà sí i.

Àlétúnlé ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní. Ó ń fi ère tí ó ti parí han ọmọ, ó ní kí ó lọ gbẹ́ irú rẹ̀, kò sì dúró wo ọwọ́ tí ó mú àáké. Ìwé mìíràn tí WAEC yàn, Second Class Citizen ti Buchi Emecheta tí ó jáde ní ọdún 1974, fi èyí hàn. Nígbà tí Adah kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé kà á, wọ́n sì fún un ní ìgboyà. Francis ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ dáná sun ún. Òǹkọ̀wé nílò ẹni tí yóò ka iṣẹ́ rẹ̀ bí oúnjẹ ṣe ń wu olóko lẹ́yìn iṣẹ́.

Kí ni ṣíṣe? N kò ní kí a ju fóònù nù. Ohun tí ó wúlò jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ yìí kì í tilẹ̀ ṣe fídíò. Ìròyìn olórí adánniwò WAEC ni, èyí tí ó ń sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà àti àtúnṣe rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ lè tẹ ojú ìwé kan jáde nínú rẹ̀, kí gbogbo kíláàsì fi yẹ àròkọ ara wọn wò. Fóònù kan péré ni èyí gbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ka ìwé tán kí ẹ tó wo fídíò rẹ̀, kí ẹ lè bá fídíò náà jiyàn. Ẹ kọ àròkọ kan lẹ́ẹ̀mejì dípò kí ẹ kọ méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ kankan, ẹ béèrè pé: ta ni yóò ka ohun tí ọmọ mi bá kọ, ìgbà wo ni yóò sì dá a padà? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ mọ̀ pé ìdajì ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ rà. Ẹ wá ẹni tí yóò ṣe ìdajì kejì, ìbáà jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ní àdúgbò yín. Ní alẹ́, ẹ má bi ọmọ pé, “Ṣé o ti wò ó?” Ẹ sọ fún un pé, “Gbé èyí tí o kọ wá, kà á sí mi létí.” Bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí tirẹ̀ yóò gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, yóò sì padà sí i.