Owó Ìdáwó L'Ékòó

Kí a tó máa tọrọ owó fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Èkó ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Lọ́dún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta ń wá owó kọ́lé ìsìn. Hubert Ògúńdé, ọlọ́pàá nígbà náà, bá wọn ṣeré Ọgbà Édẹ́nì ní gbọ̀ngàn Glover. Èyí tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹni tó dáwó kò lọ lọ́wọ́ òfo: ó wòran.

Ọ̀nà mìíràn náà ṣì wà: lọ́jà Èbúté Èrò, alájọ tó ń gba owó àjọ ṣì ń fi bírò fàlà sí káàdì lójoojúmọ́. Tóṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Ìyá aláta tó bá kó àjọ tirẹ̀ lè fi ran ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe àwo orin. Kò kọ̀wé bẹ ẹnikẹ́ni. Káàdì yẹn, tí epo ti ta sí létí, ni gbogbo ìwé tó ní.