Mílílítà Kan Omi Òkun

Ní etíkun Pàsífíìkì ní ìpínlẹ̀ Washington, ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni iṣẹ́ ń yá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ bàtà rọ́bà, wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ihò bíńtín lójú iyanrìn ló ń tú àṣírí razor clam, ẹran oníkarahun tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbé páìpù lé ihò náà, orí páìpù fì díẹ̀ síhà òkìtì iyanrìn. Ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò dí ojú afẹ́fẹ́ tó wà lókè, ó fà á yọ. Bó ṣe ká àtàǹpàkò kúrò, iyanrìn dà sílẹ̀, ẹran yọjú. Kò gbọdọ̀ jáfara, torí ńṣe ni ẹran yìí ń walẹ̀ sá lọ. Kò sì gbọdọ̀ fipá ṣe é: ìkarahun rẹ̀ tètè ń fọ́, ó sì mú bí abẹ.

Lẹ́bàá ìgbì, ẹnìkejì rẹ̀ ń ka iye garawa omi tó ń dà sínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ jẹ́ 20 máíkírọ́n. Bó ṣe ń ṣan àwọ̀n náà ló wù mí jù. Láti ìta ni, kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lè sọ̀ sínú ike ìsàlẹ̀, láìsí pé omi tí kò bá òǹkà mu yọ́ wọlé. Ó kán áyódìn sí i títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Kó tó gbẹ́sẹ̀, ó ti kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti bu omi sára ike.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ọwọ́ tún wá rọ̀ sí i. Gíláàsì Sedgewick-Rafter, èyí tí wọ́n fi ń ka ohun tín-ín-tín inú omi, gùn ní mìlímítà 50, ó fẹ̀ ní 20, ó jìn ní 1. Mílílítà kan péré ló ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìdérí lé e ní ìdábùú, kí igun méjì lè ṣí. Ó ń rọ omi wọlé láti igun kan, afẹ́fẹ́ ń gba ìkejì jáde. Bó bá kún, ìdérí á rọra yí bò ó fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, á dà á nù, á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, á dúró kí ohun inú rẹ̀ rọlẹ̀ kó tó fojú sí máíkírósíkóòpù.

Pseudo-nitzschia ló ń wá, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tó máa ń so kọ́ra, tí ṣóńṣó ọ̀kan ń gun ti èkejì. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan ń ṣe domoic acid, májèlé tí razor clam ń kó sára, tí iná ìdáná kò sì lè pa. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ rí májèlé náà ní etíkun yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà Pseudo-nitzschia ló ní oró, máíkírósíkóòpù yìí kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lọ ẹran tí wọ́n wà láàárọ̀ kúnná, kí wọ́n lè wọn oró inú rẹ̀. Bó bá tó míligíráàmù 20 nínú kílò kan, kò sẹ́ni tí yóò wa razor clam níbẹ̀ títí oró náà yóò fi lọ sílẹ̀.