"Ìyàwó" Ṣàngó: Ṣé Obìnrin Àfarawé Ni?

Matory, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1994, ka irun dídì, tìróò àti aṣọ ọkùnrin ẹlẹ́gùn Ṣàngó ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sí ìmúra bí obìnrin. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, tako èyí ní 1997. Àtakò náà múná lórí ọ̀rọ̀ "ìyàwó". Nínú agbo ilé, ọmọ-ilé lóbìnrin pàápàá ni ìyàwó ń pè ní "ọkọ mi". Wíwọ ilé onílé ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìyàwó òrìṣà, ẹni tí ó wọ ilé òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n irun ńkọ́? Lónìí, ní ọjà Akẹ̀sán, obìnrin ni a mọ irun dídì mọ́. Ìtumọ̀ "ìyàwó" nìkan kò dáhùn ọ̀rọ̀ orí náà.